Àbẹ̀wò Ìkẹ́kọ̀ọ́ Láàárín Àwọn Darandaran: Kí Ló Túmọ̀ Sí?

Àbẹ̀wò ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a lè pe ètò tí wọ́n fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ darandaran lọ sọ́dọ̀ àwọn darandaran mìíràn tí pápá tiwọn ṣì ní koríko, kí wọ́n lè bá wọn gbé fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n bá wọn da ẹran, kí wọ́n sì jókòó níbi tí wọ́n ti ń gbèrò lórí pápá.

Kí ohun tí wọ́n ń lọ kọ́ tó lè yé wa, ó yẹ kí a mọ ohun tó ń pa pápá. Koríko tó ń rú láti ìdí kan náà lọ́dọọdún, bí eruwa tiwa, a máa kó oúnjẹ pamọ́ sí gbòǹgbò àti ìdí rẹ̀. Bí màlúù bá jẹ ewé rẹ̀, oúnjẹ yẹn ni yóò fi rú òmíràn. Bí màlúù bá tún bù ú jẹ kí ewé tuntun náà tó dá ohun tí ó ná padà, gbòǹgbò á bẹ̀rẹ̀ sí í kúrú. Bí ó bá ń rí bẹ́ẹ̀ léraléra, koríko náà á kú, ilẹ̀ á ṣí sílẹ̀, àgbàrá á sì máa gbá a lọ. Ìsinmi ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún ẹni tí ebi ń pa ẹran rẹ̀ pé kó má wọ ibi tí koríko wà?

Ní Olkiramatian àti Shompole, ní gúúsù Kẹ́ńyà, àwọn Maasai máa ń fi pápá ọ̀gbẹlẹ̀ wọn, ní apá òkè Nguruman, sílẹ̀ nígbà òjò, ìgbìmọ̀ wọn ló sì ń pinnu ìgbà tí wọn yóò ṣí i. Àdéhùn ni ààlà rẹ̀. Nítòsí ilé, wọ́n tún ń ya pápá kékeré kan sọ́tọ̀ fún ọmọ màlúù àti èyí tí ara rẹ̀ kò yá, tí wọ́n ń pè ní olopololi. Ọmọdé tó ń da ọmọ màlúù níbẹ̀ ti ń kọ́ ìpamọ́ koríko kó tó dàgbà tó ẹni tí yóò da agbo ńlá.

Àwọn Borana, ní gúúsù Etiópíà, ní irú pápá ọmọ màlúù bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní kalo. Lójú tèmi, ẹ̀kọ́ mìíràn tí wọ́n ní ló ṣe iyebíye jù. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba fòfin de sísun pápá tí wọ́n máa ń ṣe tẹ́lẹ̀, èyí sì jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó jẹ́ kí igi ẹlẹ́gùn-ún gba ilẹ̀ lọ́wọ́ koríko. Ọ̀dọ́ tí wọ́n ti kọ́ pé ọ̀tá ni iná nígbà gbogbo yóò rí i níbẹ̀ pé iná tí àgbà bá fi sí àsìkò a máa tún pápá ṣe.

Darandaran ló lè bi darandaran ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, “Kí lẹ máa ń ṣe fún ẹni tó da ẹran wọ pápá ìpamọ́ lóru?” Síbẹ̀, ọ̀dọ́ kò ní àṣẹ lórí ilẹ̀ nígbà tó bá padà délé, nítorí náà ètò tó bá mọ́yán lórí gbọ́dọ̀ mú àgbà kan dání. Ó yẹ kí àwọn olùgbàlejò pẹ̀lú wá sọ́dọ̀ wọn nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, kí wọ́n lóṣòó sínú pápá náà, kí wọ́n fi ọwọ́ ya ìdí koríko gbígbẹ wò bóyá inú rẹ̀ ṣì tutù.