Ọ̀gá fi owó kún owó, àwọn dìsáínà ṣì lọ: kí ló fà á?

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù dìsáìn kan ní Akúrẹ́ níbí ti ń ti orí WhatsApp kan bọ́ sí òmíì, tẹ́ ẹ sì ń bi mí léèrè bí ẹni pé èmi ni mo gbà wọ́n síṣẹ́. Mo mọ̀dí ẹ̀ ṣá, ẹ mọ̀ pé mo jókòó ti CorelDRAW, ètò orí kọ̀ǹpútà tá a fi ń ṣe dìsáìn, fọ́dún mẹ́sàn-án kí n tó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà o, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Dìsáínà mẹ́rin ló wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣe báńà, káàdì ìgbéyàwó àti ìwé ètò ìsìnkú, owó oṣù ni wọ́n sì ń gbà. Ọ̀gá rí i pé ara wọn ò yá síṣẹ́ mọ́, ló bá ní yàtọ̀ sí owó oṣù, òun á máa fún wọn ní ₦500 lórí dìsáìn kọ̀ọ̀kan tó bá jáde, ẹni tó bá sì ṣe jù lóṣù, òun á gbé fọ́tò ẹ̀ kọ́ ara ògiri. Oṣù kejì ò tíì pé tí iṣẹ́ fi ń jáde wìtìwìtì, àmọ́ ojú kan náà ni gbogbo ẹ̀ ní: ẹyẹ àdàbà kan náà ní igun òkè, àwọ̀ àlùkò kan náà, ìdílé méjì tó ń sìnkú ní Sátidé kan náà gba ìwé ètò tó jẹ́ pé fọ́tò àti orúkọ nìkan ló yàtọ̀, ẹbí kan tiẹ̀ bá orúkọ òkú onílé-ònílé pàdé lójú ewé kẹta. Lẹ́yìn náà ni méjì nínú wọn fiṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀kan lọ síbi tí owó ti kéré sí tibẹ̀, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wá rú gbogbo èèyàn lójú.

Ṣé owó wá burú ni?

Rárá. Ẹ fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí mi, ẹ ó rí i.

Kí wá ló dé tí owó ọ̀hún fi ba iṣẹ́ jẹ́?

Onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn kan wà, ọmọ Jámánì, Karl Duncker lorúkọ ẹ̀, òun ló gbé ìdánwò àbẹ́là kalẹ̀. Wọ́n á fún ẹ ní àbẹ́là, ìṣáná, àti páálí kékeré kan tí píìnì kún inú ẹ̀, wọ́n á ní kó o gbé àbẹ́là náà sára ògiri kó máa jó, kó má sì kán sórí tábìlì. Ọ̀pọ̀ èèyàn á máa gbìyànjú àtifi píìnì kan àbẹ́là mọ́ ògiri, á máa fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ kẹ̀, ńṣe ló yẹ kó o da píìnì jáde, kó o kan páálí yẹn mọ́ ògiri, kó o gbé àbẹ́là lé e lórí. Páálí tó o rò pé wọ́n kàn fi kó píìnì ni, òun ni ìdáhùn.

Ní 1962, olùwádìí kan, Sam Glucksberg ní Amẹ́ríkà, mú ìdánwò yìí, ó sọ fáwọn kan pé ẹni tó bá wà lára àwọn tó tètè ṣe é á gba dọ́là 5, ẹni tó bá yára jù gbogbo wọn á gba 20. Kò dárúkọ owó fáwọn yòókù rárá. Àwọn tó gbọ́ owó ló pẹ́ jù. Ó tún wá da píìnì kúrò nínú páálí sílẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹni tó bá ti lójú lè rí i pé páálí ṣófo, lọ́tẹ̀ yìí àwọn tó gbọ́ owó ló yára jù.

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ padà ka gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn, torí òun làwọn èèyàn máa ń fò. Bí ọ̀nà bá ti hàn, owó lórí iye máa ń ṣiṣẹ́ dáadáa: ẹni tó ń gé báńà, tó ń lu ihò sí i létí, tó ń di káàdì sínú páálí, ẹ san owó fún un lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kò burú. Ibi tí ọpọlọ bá ti ní láti rìn gbéregbère kó tó rí nǹkan ni owó yẹn ti máa ń dí i lọ́nà, torí ọ̀nà tó yá jù ni ojú èèyàn á máa wá. Ọ̀nà tó sì yá jù nínú ṣọ́ọ̀bù dìsáìn ni fáìlì ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wàá ṣí i, wàá pa orúkọ dà, ẹyẹ àdàbà á tún fò.

Ti òyìnbó nìyẹn, ṣé ó kan àwa?

Ọmọdé lọmọdé ń jẹ́. Ní 1973, olùwádìí kan, Mark Lepper, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ jélé-ó-sinmi tó fẹ́ràn àtimáa yàwòrán. Wọ́n ṣèlérí sètífíkéètì tó ní ríbọ́ọ̀nù fáwọn kan bí wọ́n bá yàwòrán, wọ́n fún àwọn kan láìsọ fún wọn tẹ́lẹ̀, wọn ò fún àwọn tó kù ní nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, wọ́n tún kó bírò àwọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo wọn láti máa fi ṣeré, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún ò fi bẹ́ẹ̀ yà á mọ́, nǹkan bí ìdajì àkókò táwọn yòókù lò ni wọ́n lò. Àwọn tí ẹ̀bùn bá lójijì ò yí padà o. Nítorí náà bí iṣẹ́ kan bá dùn mọ́ ẹ nínú, pe dìsáínà tó ṣe é, fún un ní nǹkan lẹ́yìn tó ti parí ẹ̀, má sì sọ ọ́ di àṣà.

Ṣé ohun tó ò ń sọ ni pé kí ọ̀gá má fowó kún owó oṣù?

Ẹ gbà mí! Mo mọ̀ pé ọ̀gá kan ti fẹ́ gé ibì kan nínú ọ̀rọ̀ yìí sórí status ẹ̀ báyìí. Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Owó oṣù gidi, tó ń wọlé lọ́jọ́ tẹ́ ẹ dá, òun ni ilẹ̀ tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ẹni tó ń ṣírò owó ọkọ̀ láti Ọ̀bà-Ilé dé Ọjà Ọba, tó tún ń ṣírò owó dátà tó fi gba iṣẹ́ yín lórí fóònù ara ẹ̀, kò lè máa ronú pé àwọ̀ wo ló bá ìyàwó ojú ọ̀nà mu. Ohun tí mo ń bá jà ni kẹ́ ẹ so owó mọ́ ọrùn dìsáìn lẹ́yọ lẹ́yọ, kẹ́ ẹ sì rò pé ẹ ti ṣe gbogbo ẹ̀ tán.

Kí ni nǹkan tí ò náni lówó tó lè mú orí wọn yá?

Olùwádìí méjì, Teresa Amabile àti Steven Kramer, gba àkọsílẹ̀ ojoojúmọ́ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ 238, ó sún mọ́ 12,000 lápapọ̀, wọ́n ń wá ohun tó ń mú kí ọjọ́ èèyàn dáa níbi iṣẹ́. Ohun tó gba iwájú ni pé kí iṣẹ́ tó nítumọ̀ sún síwájú lọ́jọ́ yẹn, ì báà ṣe díẹ̀. Kí ló ń dá iṣẹ́ dúró ní Akúrẹ́? Iná BEDC, àwọn tó ń pín iná fún wa, wà ńbẹ̀, ìyẹn ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ èyí tó wà lọ́wọ́ ọ̀gá ni kọ́sítọ́mà tó ń fi orúkọ àwọn ọmọ olóògbé ránṣẹ́ lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ọmọ-ọmọ dọ̀la, "ẹ má bínú, a gbàgbé Bọ̀ọ̀dá Lọndọn" lọ́tùnla. Ọ̀gá tó bá gba gbogbo ẹ̀ pé kó tó gbé e dé orí tábìlì dìsáínà ti ṣe ju fọ́tò ara ògiri lọ.

Èkejì, ẹ jẹ́ kó mọ ibi tí iṣẹ́ ẹ̀ parí sí. Lọ́jọ́ kan mo wà nínú kẹ̀kẹ́ lọ sí Alágbàká, mo ṣàdédé rí báńà tí mo ṣe, ó ga tó ilé, èmi tí mo ti lo alẹ́ mẹ́ta lórí lẹ́tà "Ẹ káàbọ̀" yẹn, ọ̀gá mi ò sọ ibi tí wọ́n á gbé e kọ́ fún mi rí. Mo ní kí oníkẹ̀kẹ́ dúró, mo bọ́ sílẹ̀, mo dúró níbẹ̀ títí ó fi bínú lọ. Ọjọ́ yẹn nìkan ni mo gbádùn lọ́dún yẹn.

Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ọn. Ọlọ́wẹ̀ Ìsẹ̀ tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́, èyí tí wọ́n gbé lọ fi hàn ní Wembley ní Lọ́ńdọ̀n lọ́dún 1924 tó wà ní British Museum dòní, ìyàwó ẹ̀ ṣì ń ki oríkì ẹ̀ nípa iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ní 1988, ó ti tó àádọ́ta ọdún tó ti kú. Dìsáínà tiyín, ẹ ò tíì pe orúkọ ẹ̀ níwájú kọ́sítọ́mà rí, "àwọn ọmọ mi ló ṣe é" lẹ máa ń sọ.

Ṣé kí n wá fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe bó ṣe wù wọ́n?

Rárá. Sọ ohun tó o fẹ́ àti ọjọ́ tó o fẹ́ ẹ, kó o wá fi bí wọ́n á ṣe ṣe é sílẹ̀. "Ṣe nǹkan tó máa dùn ún wò" kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́, àdúrà ni.

Ṣé ó burú kí n dúró lẹ́yìn àga wọn máa wò?

"Gbé e sókè díẹ̀. Díẹ̀ sí i. Rárá, dá a padà. Sọ ọ́ di pupa. Pupa yẹn ti pọ̀ jù." Ó burú.

Mo gbọ́ pé ní ilé iṣẹ́ kan, wọ́n máa ń fún wọn láyè láti ṣe ti ara wọn, òótọ́ ni?

3M ni, ní Amẹ́ríkà, ó pẹ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn onímọ̀ wọn láyè láti fi nǹkan bí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún àkókò iṣẹ́ ṣe ohun tó wù wọ́n. Spencer Silver níbẹ̀ ṣe gọ́ọ̀mù kan ní 1968 tí ò lẹ̀ dáadáa, wọn ò mọ ohun tí wọ́n á fi ṣe. Òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ ẹ̀, Art Fry, máa ń kọrin nínú kọ́áyà, bébà tó ń fi sàmì sínú ìwé orin máa ń já bọ́, òun ló rántí gọ́ọ̀mù yẹn, bí Post-it, bébà kékeré tó ṣeé lẹ̀ mọ́ nǹkan tó sì ṣeé ṣí kúrò, ṣe dáyé nìyẹn. Ṣọ́ọ̀bù èèyàn mẹ́rin ò lè ṣe 15, mo gbà, àmọ́ ọ̀sán Túsìdé tí ọjà ò yá, dípò kẹ́ ẹ ní kí wọ́n gbálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ya ohun tẹ́nì kankan ò rán wọn.

Ṣé kí n kúkú lé wọn, kí n lo AI?

AI, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán fúnra ẹ̀, lè fi ìka kún ìka. Ẹ kọ́kọ́ ka ìka ọwọ́ olóògbé kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde.

Èmi ni dìsáínà o, ọ̀gá mi fẹ́ fagi lé owó oṣù, ó ní kó di iye tí mo bá ṣe. Ṣé kí n bẹ̀rù?

Díẹ̀. Owó oṣù tó kéré jù lófin ti di ₦70,000 láti oṣù Keje 2024, àmọ́ òfin yẹn ò kan ibi tí òṣìṣẹ́ ò bá pé 25, kò sì kan ẹni tí wọ́n ń sanwó fún lórí iye iṣẹ́. Ìyẹn ni pé ṣọ́ọ̀bù kékeré ti bọ́ kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, bó o bá sì wà níbi ńlá, ọjọ́ tó o bá gba "iye tí mo bá ṣe" lo fẹsẹ̀ ara ẹ rìn jáde. Ní kó jẹ́ kí owó tí ò ní dín wà nísàlẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé, kì í ṣe voice note.

Kí ni àmì pé dìsáínà mi ti fẹ́ lọ?

Kì í bá ẹ jiyàn mọ́. Àwọ̀ tó o bá ti ní kó lò, "ó ti dáa, sà" ni.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún ńkọ́?

Mo kọjá níbẹ̀ lánàá. Ó ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà pé òun ń wá dìsáínà méjì tó ń yára. Ẹyẹ àdàbà wà ní igun òkè ẹ̀.