Bí ìkànnì tó já sílẹ̀ lórí Google ṣe ń padà gòkè

Ká ní ilé àlejò kan wà ní Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Benin, tó pẹ́ tí ìkànnì rẹ̀ ti ń jókòó sókè lórí Google. Ẹni tó bá wà ní Kútọnù tàbí Paris tó tẹ «chambre d'hôtes Porto-Novo», òun ló ń kọ́kọ́ rí. Nígbà tó yá, fóònù dákẹ́. Wọ́n wá a títí, ojú ewé kẹrin ni wọ́n ti bá a, níbi tí èèyàn kì í sábà dé. Ọ̀pọ̀ onílé á sáré tún gbogbo rẹ̀ kọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo: àkọlé, àwòrán, àwọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń ba ọ̀ràn jẹ́, torí lẹ́yìn rẹ̀ kò sẹ́ni tó lè sọ ohun tó fà á mọ́.

Google ní ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Googlebot, tó ń ti orí ìjápọ̀ kan bọ́ sórí òmíràn, tó ń ka ohun tó bá bá pàdé. Ohun tó kà, tó bá yẹ, á wọ àká, ìyẹn ibi tí Google ń kó ojú ewé tó ti kà pa mọ́ sí. Inú àká yìí ni Google ti ń ṣa ìdáhùn nígbà tí èèyàn bá béèrè nǹkan, kó tó wá tò wọ́n tẹ̀ léra. Kí ojú ewé wà nínú àká kó já sẹ́yìn, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Kó má sí níbẹ̀ rárá, ọ̀tọ̀ ni. Irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí Google fi sílẹ̀ fún onílé, Search Console, ló ń sọ èwo ló ṣẹlẹ̀.

Irinṣẹ́ yìí ń pa àkọsílẹ̀ oṣù 16 mọ́, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí oṣù tó kọjá nìkan lè tan èèyàn. Ọdún Vodun nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ máa ń kó àlejò wọ Benin. Ẹni tó bá fi oṣù Èrèlé wé Ṣẹ́rẹ́, á rò pé ilé ti dà wó. Èrèlé ọdún tó kọjá ló yẹ kó fi wé e.

Tí iye àwọn tó ń wọlé bá já lọ́jọ́ kan ṣoṣo bí òkúta sínú kànga, ọwọ́ ẹnì kan ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Nínú WordPress, irinṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń kọ́ ìkànnì, lábẹ́ «Réglages» àti «Lecture», àpótí kékeré kan wà tó ń sọ fún àwọn ẹ̀rọ aṣàwárí pé kí wọ́n má kó ìkànnì náà sí àká. Ẹni tó ń ṣe àtúnṣe á tẹ̀ ẹ́, iṣẹ́ á parí, á gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Àmì kan ṣoṣo, noindex, ti lé gbogbo ilé jáde. Bí wọ́n bá yọ ọ́, tí wọ́n sì fi Search Console bẹ Google pé kó padà wá kà á, ọjọ́ mélòó kan sí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló ń gbà.

Ohun kejì tó lè fà á ni kí ìkànnì ṣí kúrò ní àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí èyí tó parí sí .bj, ti Benin. Ẹni tó bá kó ìsọ̀ kúrò ní ìlà kan lọ sí ìlà míì ní ọjà Ouando á fi ọmọ kan síbi àtijọ́, kó máa júwe ọ̀nà. Iṣẹ́ ọmọ yẹn ni 301 ń ṣe, ìyẹn atọ́ka tó ń darí ẹni tó bá dé àdírẹ́sì àtijọ́ lọ sí tuntun. Ṣùgbọ́n ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń júwe fún: èyí tó ń sọ̀rọ̀ mọ́sálásí ńlá Àjàṣẹ́, tó jọ ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Àgùdà, gbọ́dọ̀ já sí ojú ewé mọ́sálásí tuntun. Àwọn kan ń da gbogbo rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́, àlejò á sì ṣìnà. Ó kéré tán, ọdún kan ni kí atọ́ka náà fi wà níbẹ̀.

Tí olè bá ti wọ inú ìkànnì náà, tí ojú ewé tẹ́tẹ́ tàbí oògùn bá ń hù lábẹ́ orúkọ ilé, tàbí tí wọ́n ti ra ìjápọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ìkìlọ̀ lè wà nínú Search Console. Wọ́n á palẹ̀ ẹ̀ mọ́, wọ́n á sì ní kí Google padà wá wò ó.

Èyí tó le jù ni ìgbà tí Google bá yí bó ṣe ń tò nǹkan padà. Ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀mélòó kan lọ́dún. Ti oṣù Ẹrẹ́nà 2024 gba ọjọ́ 45 kó tó tán. Kì í ṣe pé wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ó kàn rí àwọn míì tó dáa jù ni, kò sì sí àpótí kankan tí wọ́n lè yọ àmì rẹ̀. Ojú ewé tó ní ohun tó wà ní Kétu ò ju Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, àti Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lọ, gbogbo ayé ló ti kọ ọ́. Èyí tó sọ ẹni tó ń mú àlejò wọlé, iye tí takisí ń gbà láti Àjàṣẹ́, ìgbà tí ọ̀nà kì í ṣeé rìn, pẹ̀lú àwòrán tí onílé fúnra rẹ̀ yà, ìyẹn ni ẹni tó ń bọ̀ ń wá. Oṣù mélòó kan lè kọjá kó tó hàn, nígbà míì ó di ìgbà tí Google bá tún yí ìtò náà padà. Google fúnra rẹ̀ ti sọ ọ́ pé kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ìkànnì kan á bọ́ sí ipò kìíní. Bí ẹnì kan bá wá ń ta ìlérí yẹn fún onílé, kí onílé tọ́jú owó sééfà rẹ̀.