Lux, lucis: ìdí tí ọ̀rọ̀ Látìn fi ń wá ní méjì-méjì

Spero lucem ni àkọmọ̀nà King's College, Èkó, ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1909. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni "mo ń retí ìmọ́lẹ̀". Ẹni tó bá ṣí ìwé atúmọ̀-èdè Látìn láti wá lucem lè wá a títí ilẹ̀ á fi ṣú, kò ní rí i. Ohun tó máa bá níbẹ̀ ni lux, lucis. "Mo" pàápàá kò dá dúró lójú ìwé. Inú o tó gbẹ̀yìn spero ló wà. Bó bá jẹ́ òun ló ń retí, sperat ni. Bó bá jẹ́ àwa, speramus.

Lẹ́tà Látìn kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró, òun náà la fi ń kọ Yorùbá. Ìrù ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ wà. Ibi tí ọ̀rọ̀ jókòó sí ni Yorùbá fi ń mọ ẹni tó ṣe nǹkan: "ọmọbìnrin rí àgbẹ̀" yàtọ̀ sí "àgbẹ̀ rí ọmọbìnrin". Ní Látìn, ì báà jẹ́ puella agricolam videt, ì báà jẹ́ agricolam puella videt, ọmọbìnrin náà ló ríran, nítorí m tó wà nídìí agricolam ti sọ pé àgbẹ̀ ni wọ́n rí. Irú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ wo "wọ́n rí wọn": èyí tó ní ohùn òkè ló ṣe é, èyí tí kò lámì ni wọ́n ṣe é sí. "Mo" náà ń di "mi". Ohun tí Yorùbá fi mọ sí ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ni Látìn gbé ka gbogbo ọ̀rọ̀-orúkọ lórí.

Bí òde ìgbéyàwó ló rí. Ẹbí ìyàwó wọ léèsì, ẹbí ọkọ wọ àǹkárá. Bí àbúrò ìyàwó tilẹ̀ lọ jókòó sáàárín àwọn ará ilé ọkọ, ẹnikẹ́ni ò ní ṣì í mọ̀. Aṣọ mẹ́fà ni Látìn ní: ti olùwà, ti àbọ̀, ti ẹni tó ni nǹkan, ti ẹni tí wọ́n fún ní nǹkan, ti ẹni tí wọ́n ń pè, àti ti ohun tí wọ́n fi ṣe nǹkan tàbí ibi tí nǹkan ti wá. Ọ̀rọ̀-àpèjúwe náà gbọ́dọ̀ ra nínú aṣọ tí ọ̀rọ̀ tó bá wá sóde wọ̀: puella bona, ìyẹn ọmọbìnrin rere, puellam bonam. Ṣùgbọ́n agricola bonus ni, kì í ṣe bona, nítorí akọ ni àgbẹ̀ lójú Látìn. Aṣọ kan náà ni, bí wọ́n ṣe lò ó ló yàtọ̀: ọkùnrin fi rán fìlà, obìnrin fi wé gèlè.

Ibi tí ètò yìí ti kù díẹ̀ káàtó ni pé aṣọ kan lè wà lọ́rùn ẹbí méjì tàbí mẹ́ta. Puellae lè jẹ́ "ti ọmọbìnrin", ó lè jẹ́ "fún ọmọbìnrin", ó sì lè jẹ́ "àwọn ọmọbìnrin". Bellum, ìyẹn ogun, kì í pààrọ̀ aṣọ rárá, yálà òun ni olùwà tàbí òun ni àbọ̀. Àwọn tó yí i ká ló kù láti bi léèrè. Ẹ wo Pro fide et scientia, àkọmọ̀nà St. Gregory's College ní Èkó: "nítorí ìgbàgbọ́ àti ìmọ̀". Scientia yẹn àti èyí tó jẹ́ olùwà jọra bí ìbejì, àmọ́ a tó gbẹ̀yìn rẹ̀ gùn lẹ́nu: scientiā. Àwọn ará Róòmù kì í sábà kọ àmì yẹn. Ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ló ń fà á sórí fáwẹ̀lì. Ẹni tó bá ti ka Yorùbá tí kò lámì rí, tó bá igba pàdé, tí kò mọ̀ bóyá igbá ni tàbí ìgbà, mọ bó ṣe máa ń rí. Pro tó ṣáájú ló tú àṣírí scientia, torí aṣọ kẹfà ni ọ̀rọ̀ tó bá tẹ̀lé pro máa ń wọ̀.

Ohun tó ń bí èèyàn nínú ni àkójọ ọ̀rọ̀ tó kàn kọ "lux: ìmọ́lẹ̀" tó sì kọjá lọ. Ìdajì ọ̀rọ̀ nìyẹn, ìdajì tó sì ń tan èèyàn jẹ jù lọ ni. Luc ni ọ̀rọ̀ náà gan-an. S lẹ̀ mọ́ ọn, c àti s wá di x. Rex, ìyẹn ọba, bẹ́ẹ̀ náà ni: reg ló wà nínú rẹ̀, ló fi jẹ́ regis. Nox, ìyẹn òru, tiẹ̀ gbé t mì, noctis ló pọ̀ ọ́ jáde. Láti ara ìrísí kejì yìí, "ti ìmọ́lẹ̀", "ti ọba", "ti òru", ni ìyókù ti ń hù: ẹ yọ is kúrò, ẹ fi em sí i, lucem dé. Ìrísí kejì yìí sì tún ń sọ ìdílé, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ ń pààrọ̀ ìrù lọ́nà kan náà. Dominus ni ọ̀gá, tempus ni àkókò, manus ni ọwọ́. Us ló parí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, síbẹ̀ ilé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá: domini, temporis, manūs. Orúkọ nìkan kì í sọ ilé ẹni bí oríkì orílẹ̀ ṣe ń sọ ọ́. Ọgbọ́n ńlá ló wà nínú kíkọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ ní méjì-méjì báyìí.

Recte sapere fons ni ti Yunifásítì Ìbàdàn. Recte ni "lọ́nà tó tọ́", sapere ni "láti ní òye", fons ni "orísun": fons, fontis, t tún ti sá lọ bíi ti nox. Orísun kí ni? Orísun ìmọ̀ ni wọ́n ń kà á sí, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tó wọ aṣọ "ti ìmọ̀". Nínú ewì Horace, akéwì Róòmù tó kú ní ọdún 8 ṣáájú ìbí Kristi, níbi tí gbólóhùn náà ti wá, aṣọ yẹn wà lọ́rùn ẹnìkan: scribendi recte sapere est et principium et fons. Scribendi ni "ti ìwé kíkọ", i ìdí rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀. Òun ni recte ń bá rìn: òye ni ìbẹ̀rẹ̀ àti orísun ìwé kíkọ lọ́nà tó tọ́. Nígbà tí wọ́n gé scribendi kúrò, recte, tí kò ní ìrù tó lè sọ ẹni tó ni ín, bá sapere lọ, kíkọ tó tọ́ sì di ríronú tó tọ́.