Bí Ìjàpá Omi Kékeré Ṣe Lè Bá Ẹja Gbé Nínú Táǹkì Kan

Táǹkì tí ìjàpá omi àti ẹja bá jọ ń gbé, ti ìjàpá ni. Ayálégbé lásán ni ẹja. Ìjàpá kan máa ń ya ìgbẹ́ àti ìtọ̀ fíìfíì ju ẹja tí wọ́n jọ tóbi lọ, ó sì máa ń fa oúnjẹ ya kó tó gbé e mì, tí èérún rẹ̀ á fọ́n ká sínú omi. Imú ni ìjàpá fi ń mí: á yọ orí sókè, á gba afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, á tún rì padà. Inú omi yẹn gan-an ni ẹja ti ń mí ní tirẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹja fi lè kú tán nínú omi tí ìjàpá ṣì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe.

Irú ìjàpá tó wà ńbẹ̀ ló ń pinnu èyí tó kù. Musk turtle, irú ìjàpá omi kékeré kan, kì í sábà gùn ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ bó bá dàgbà tán. Red-eared slider, irú ìjàpá omi mìíràn tí wọ́n ń tà nígbà tó ṣì fẹ́ tó owó ẹyọ ńkọ́? Abo rẹ̀ lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 25, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọdé ni èyí tó wà nínú abọ́ olùtajà, kì í ṣe aràrá. Slider tún mọ omi í wẹ̀, ó lè lé ẹja bá. Ìsàlẹ̀ omi ni musk turtle ti máa ń rìn, tó ń wá ìgbín omi àti kòkòrò kiri, nítorí náà ẹja tó yára lè ráyè sá fún un lọ́sàn-án. Lóru tí ẹja bá sùn, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀.

Ìṣirò tí àwọn tó ń sin ìjàpá sábà máa ń lò ni lítà omi 40 fún sẹ̀ǹtímítà 2.5 kọ̀ọ̀kan nínú gígùn igbá ẹ̀yìn. Musk turtle tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 12 yóò gba nǹkan bíi lítà 190. Slider tó gùn ní 25 yóò gba 400. Ti ẹja kò tíì sí nínú ìyẹn. Ó kéré tán, kí omi jìn ju fífẹ̀ igbá ẹ̀yìn rẹ̀ lọ, nítorí bó bá dà ẹ̀yìn délẹ̀ nínú omi tí kò jìn, ó lè má rí ọ̀nà yí padà, á sì kú sómi. Fún ọmọ musk turtle, tí kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kí igi tàbí ewé omi wà tó lè gùn dé òkè.

Ibi gbígbẹ kan gbọ́dọ̀ wà tí ìjàpá lè gùn láti yá oòrùn, kí gbogbo ara rẹ̀ sì gbẹ níbẹ̀. Gílóòbù méjì ló máa ń wà lórí rẹ̀. Ọ̀kan ń mú ibẹ̀ gbóná dé 29 sí 32°C, nígbà tí omi wà ní 24 sí 26°C. Èkejì ń tan ìmọ́lẹ̀ UVB, irú ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, tí ara ìjàpá fi ń ṣe fítámì D3, kí calcium inú oúnjẹ lè di egungun àti igbá ẹ̀yìn. Gíláàsì máa ń dí UVB, nítorí náà oòrùn tó gba ojú fèrèsé wọlé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Gílóòbù UVB sì máa ń ṣì tàn yòò nígbà tí agbára rẹ̀ ti tán. Oṣù 6 sí 12 ni wọ́n fi ń pààrọ̀ rẹ̀. Hítà onígíláàsì tó ń mú omi gbóná gbọ́dọ̀ ní ìbòrí, torí ìjàpá lè fọ́ ọ.

Fílítà, ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi, ni ọkàn táǹkì náà. Inú ìgbẹ́, ìtọ̀ àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ni ammonia ti ń jáde, ó sì máa ń pa ẹja. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan ń sọ ọ́ di nitrite, tí òun náà ń pa ẹja. Àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu, tí pípààrọ̀ omi á sì máa dín kù. Ara fóòmù inú fílítà ni wọ́n pọ̀ sí jù. Táǹkì tuntun kò ní wọn, ó sì máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí wọ́n tó pọ̀ tó. Láàárín ìgbà yẹn, fílítà á máa ṣiṣẹ́, oúnjẹ ẹja díẹ̀ á máa wọ inú omi lójoojúmọ́, títí tí ohun èlò ìdánwò omi á fi fi hàn pé ammonia àti nitrite ti di 0 tí nitrate sì ń gòkè. Fóòmù tí wọ́n yọ láti inú fílítà táǹkì tó ti pẹ́ tí ara rẹ̀ sì le máa ń gé àkókò yìí kúrú gan-an.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ba iṣẹ́ ara wọn jẹ́. Wọ́n á fi omi ẹ̀rọ fọ fóòmù mọ́ tónítóní, chlorine, oògùn apakòkòrò inú omi ẹ̀rọ, á pa àwọn kòkòrò náà, ammonia á tún bẹ̀rẹ̀. Inú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi tí wọ́n bù láti inú táǹkì ni kí wọ́n ti fún un. Pípa fílítà lóru tún burú, torí àwọn kòkòrò náà nílò afẹ́fẹ́ inú omi tó ń ṣàn. Ìwọ̀n táǹkì tí wọ́n kọ sára páálí fílítà, ẹja ni wọ́n fi ṣírò rẹ̀. Kí a mú èyí tí wọ́n ṣe fún táǹkì tó tóbi ní ìlọ́po 2 tàbí 3 tiwa.

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin omi ni kí ó jáde kí tuntun tó gbóná bákan náà wọlé. Omi tó bá ní chlorine nìkan, chlorine ọ̀hún lè fẹ́ lọ bí a bá fi í sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Chloramine, ìyẹn chlorine tí wọ́n pò mọ́ ammonia, kì í lọ bẹ́ẹ̀, oògùn tó ń pa á ló ń fẹ́. Ọṣẹ ni kí a fi fọ ọwọ́ lẹ́yìn náà, kí a má sì fọ ohun táǹkì níbi tí a ti ń fọ abọ́, torí Salmonella, kòkòrò tó ń fa àìsàn inú, wọ́pọ̀ lára ìjàpá tí ara rẹ̀ le pàápàá.

Ní ti ẹja, guppy, ẹja kékeré kan, dára: ó yára, ó sì ń bímọ tó láti dípò àwọn tó bá wọ ẹnu ìjàpá. Goldfish ní thiaminase, tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára ìjàpá tó bá ń jẹ ẹ́ lemọ́lemọ́, ó sì ń dọ̀tí omi. Ẹ̀gún ara ẹja ìdílé àrọ̀ lè há sí ìjàpá lọ́fun. Pleco, ẹja kan tó ń fi ẹnu lẹ̀ mọ́ nǹkan, sì lè máa la igbá ẹ̀yìn ìjàpá. Kí ihò ìsápamọ́ ẹja kéré débi tí orí ìjàpá kò lè wọ̀, tàbí kí ó fẹ̀ tó kí gbogbo ara rẹ̀ kọjá. Èyí tó wà láàárín méjèèjì ni ìjàpá ń há sí tó fi ń kú sómi. Òkúta wẹẹrẹ tó lè gbé mì kò gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀.

Oúnjẹ oníwóró ìjàpá kò yẹ kó ju ohun tí orí rẹ̀ lè gbà lọ, bí orí ọ̀hún bá jẹ́ abọ́: lójoojúmọ́ fún ọmọdé, ọjọ́ 2 sí 3 síra wọn fún àgbà. Ohun tó bá ṣẹ́kù lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15, kíá ni kí a kó o kúrò.

Bí ìjàpá bá ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bó ti ń lúwẹ̀ẹ́, tí ìfófòó ń jáde ní imú rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró ni, dókítà ẹranko ló kàn. Igbá ẹ̀yìn tó rọ̀ sábà máa ń tọ́ka sí àìtó UVB tàbí calcium. Ojú tó wú lè wá láti inú omi ìdọ̀tí tàbí àìtó fítámì A. Bí gbogbo ẹja bá sì gbára jọ sójú omi tí wọ́n ń ya ẹnu, kí a dán omi wò fún ammonia àti nitrite kí a sì pààrọ̀ ìdajì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí a tó ra oògùn kankan.