Messerschmitt 109 wo lẹ ń wò nínú fótò yẹn?

Ìbéèrè: Mo rí fótò bàálù ogun Jámánì kan, ti ayé àtijọ́, "Messerschmitt 109" nìkan ni wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ irú èyí tó jẹ́ gan-an?

Ìdáhùn: Imú ẹ̀ àti apá ẹ̀ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, ẹ fi àwọ̀ sílẹ̀ ná. Ọdún 1935 lèyí àkọ́kọ́ fò, wọ́n ṣe é lé ní 33,000, wọ́n sì ń tún un ṣe ṣáá títí ogun fi parí, lẹ́tà ni wọ́n fi ń pè wọ́n, wọ́n á wá fi nọ́ńbà tì í láti fi ìyàtọ̀ sáàárín àwọn tó jẹ́ lẹ́tà kan náà, bíi G-6. B, C àti D ò le rárá: rẹ́díétọ̀ ńlá kan ló máa ń wà lábẹ́ imú wọn, fáànù iwájú wọn sì máa ń jẹ́ alábẹ méjì.

E, tí wọ́n ń pè ní Emil, òun ló bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì jà lókè England ní 1940. Fáànù tiẹ̀ jẹ́ alábẹ mẹ́ta, rẹ́díétọ̀ ti di méjì lábẹ́ apá, ṣóńṣó apá ẹ̀ sì rí bí ohun tí wọ́n fi ayùn gé. Ẹ wo ìrù ẹ̀ dáadáa, tẹ́ ẹ bá rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti ìsàlẹ̀ gbé apá ìrù dúró, Emil nìyẹn tàbí àwọn tó ṣáájú ẹ̀, F ò ní ọ̀pá yẹn mọ́, ṣóńṣó apá tiẹ̀ sì rí róbótó.

Ìbéèrè: F àti G ńkọ́? Mi ò rí ìyàtọ̀ kankan o.

Ìdáhùn: Ẹ ò jẹ̀bi, wọ́n jọra bí ìbejì. G-6 ló rọrùn jù: kókó méjì wú síwájú gíláàsì páílọ́ọ̀tì, torí wọ́n yọ ìbọn kékeré tó wà níbẹ̀, wọ́n fi ti mílímítà 13 sí i, ìdí ìbọn yẹn ò sì gba abẹ́ páànù mọ́. Tí imú bá ń dán láìsí kókó, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀ gíláàsì iwájú, F ní gíláàsì kékeré kan níbẹ̀, G-2 ò ní.

Ìbéèrè: Nọ́ńbà wá ńkọ́, bóyá E-3 tàbí E-4?

Ìdáhùn: Hmm, ibẹ̀ lariwo wà. E-4 ló gbé gíláàsì onígun tí férémù ẹ̀ nípọn wọlé, ṣùgbọ́n tí E-1 tàbí E-3 bá lọ ṣàtúnṣe, gíláàsì kan náà ni wọ́n ń dé lé e lórí, torí náà ẹni tó bá torí gíláàsì nìkan pariwo pé "E-4 ni", ẹ má dá a lóhùn jàre, ẹ ní kó fi nọ́ńbà ilé iṣẹ́ hàn yín, wọ́n máa ń kọ ọ́ wínníwínní sára ìrù. G-6 tó pẹ́ dé àti G-14 tiẹ̀ burú jù, èmi "G-6 tàbí G-14" ni mo máa ń kọ, mo sì ń sùn dáadáa.

Ìbéèrè: Imú tèmi dúdú. Ṣé dúdú ni wọ́n kùn ún?

Ìdáhùn: Ó lè jẹ́ yẹ́lò o! Àwọn fíìmù kámẹ́rà kan láyé ìgbà yẹn kì í rí pupa, wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ rí yẹ́lò náà, ṣe ló máa ń jáde ní dúdú, bẹ́ẹ̀ yẹ́lò ni wọ́n kun imú ọ̀pọ̀ Emil ní 1940.

Kẹ́ ẹ tó gbé e fún ẹnikẹ́ni ṣá, ẹ wo ihò sàlẹ́ńsà. Ẹ́ńjìnnì Jámánì, ìdojúdé ni wọ́n gbé e sí, ìsàlẹ̀ imú lèéfín ti ń jáde. Tó bá jẹ́ òkè imú ni, tí ìsàlẹ̀ imú sì yọ ikùn, Buchón nìyẹn, àwọn Spain ló ṣe é lẹ́yìn ogun, ẹ́ńjìnnì Rolls-Royce ló wà nínú ẹ̀, àwọn onífíìmù sì ti kun ọ̀pọ̀ nínú wọn bíi ti Jámánì.