Èrò Òǹwòran nípa Fíìmù The Princess and the Frog, Láti Ojú Ará Òṣogbo

The Princess and the Frog jẹ́ fíìmù kàtúùnù olórin tí ilé iṣẹ́ Walt Disney gbé jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2009. Ron Clements àti John Musker ló darí rẹ̀, Randy Newman ló sì kọ àwọn orin inú rẹ̀. Ó dá lórí Tiana, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní New Orleans láyé àwọn ọdún 1920, tó ń gbé oúnjẹ fún oníbàárà tọ̀sán-tòru, tó ń tọ́jú kọ́bọ̀ mọ́ kọ́bọ̀ kó lè ṣí ilé oúnjẹ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ kan sọ fún un pé ọmọ ọba lòun; ó fẹnu kò ó lẹ́nu, òun náà bá di ọ̀pọ̀lọ́. Kí fíìmù yìí tó jáde rárá ni èrò àwọn ènìyàn ti yàtọ̀ síra lórí rẹ̀, kò sì tíì ṣọ̀kan títí di òní. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń jà sí jù ní Amẹ́ríkà kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ kan ẹni tó bá wò ó ní Òṣogbo, ìlú tí ìtàn odò, ẹranko tó ń fọhùn àti eré olórin ti jẹ́ ohun ilé.

Ìtàn tó bí fíìmù náà

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ìtàn ọmọ ọba tó di ọ̀pọ̀lọ́, tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm tẹ̀ jáde ní Jámánì lọ́dún 1812. Nínú tiwọn, ìfẹnukonu kọ́ ló tú èèdì náà. Ṣe ni ọmọbìnrin ọba bínú, ó gbé ọ̀pọ̀lọ́ lu ògiri, ibẹ̀ ló sì ti padà di ènìyàn. Àwọn tó tún ìtàn náà sọ lẹ́yìn wọn ló mú ìfẹnukonu wọ inú rẹ̀. Lọ́dún 2002, E. D. Baker kọ ìwé ọmọdé kan níbi tí ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ ti di ọ̀pọ̀lọ́, Disney sì mú nínú èyí náà. Wọ́n gbé ìtàn lọ sí New Orleans, wọ́n sì fi òṣìṣẹ́ rọ́pò ọmọ ọba. Aṣọ àríyá lásán ló mú Tiana jọ ọmọ ọba lóru ọjọ́ náà, ìdí sì nìyẹn tí ẹnu tó fi ko ọ̀pọ̀lọ́ kò fi tú èèdì.

Leah Chase, gbajúmọ̀ alásè ilé oúnjẹ Dooky Chase ní New Orleans, wà lára àwọn tí wọ́n wò ṣe àwòkọ́ṣe kí wọ́n tó dá Tiana. Ọbẹ̀ tí Tiana àti bàbá rẹ̀ jọ ń sè, gumbo, kò lè ṣàjèjì sí ẹni tó mọ ilá alásèpọ̀: àwọn onímọ̀ èdè gbà pé inú orúkọ tí àwọn ará Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ń pe ilá ni orúkọ ọbẹ̀ náà ti jáde, àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ló sì gbé e dé ọ̀hún.

Ọmọ ọba dúdú

Láti ọdún 1937 tí Snow White, àkọ́kọ́ nínú fíìmù ọmọ ọba Disney, ti jáde, ọdún 72 kọjá kí Disney tó ya ọmọ ọba tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn òbí tó yin fíìmù náà sọ jù ni pé ọmọ àwọn rí ẹni tó jọ ọ́. Ayọ̀ náà kò ṣàì ní ìjà nínú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kéde iṣẹ́ náà, Maddy ni wọ́n fẹ́ pe ọmọbìnrin náà, ìránṣẹ́ tó ń tọ́jú yàrá olówó ni wọ́n sì fẹ́ fi í ṣe. Àwọn ènìyàn fárí gá pé orúkọ náà sún mọ́ Mammy jù, orúkọ tí wọ́n fi ń pe ìránṣẹ́bìnrin dúdú láti ayé ẹrú wá. Wọ́n yí orúkọ àti iṣẹ́ rẹ̀ padà, wọ́n yí àkọlé fíìmù pàápàá, wọ́n sì ké sí Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ atọ́kùn ètò tẹlifíṣọ̀n, láti máa gbà wọ́n nímọ̀ràn. Òun náà ló fọhùn fún Eudora, ìyá Tiana.

Ní Òṣogbo, ọmọdé kì í wá ojú dúdú tì, yálà ní títì tàbí nínú fíìmù Yorùbá tí wọ́n ń wò nílé. Kàtúùnù ló yàtọ̀. Kàtúùnù tí tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì àti sídì gbé wọlé, irun gígùn tó ń fẹ́ lẹ́lẹ́ àti awọ funfun ló kún inú rẹ̀, ọmọ á sì ti mọ orúkọ gbogbo wọn kó tó mọ ìwé kà. Ìdí nìyí tí Tiana fi ní iyì níbí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ẹrú tó wà lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Maddy lè ṣókùnkùn sí ọ̀pọ̀ òbí. Ohun kékeré kan sì wà tí ojú Yorùbá kì í fò dá: ọwọ́ òsì ni Tiana fi ń ṣe nǹkan. Anika Noni Rose tó fọhùn fún un ló bẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀, torí ọlọ́wọ́ òsì ni òun náà. Ọmọ tí wọ́n ti ń bá wí nílé pé kó má fọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà á rí i pé ọmọ ọba yìí ń fi òsì se ọbẹ̀ aládùn.

Ọ̀ràn awọ Tiana tún jáde lọ́dún 2018. Nínú àwòrán ìpolówó fíìmù Disney mìíràn, Ralph Breaks the Internet, awọ rẹ̀ mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, imú rẹ̀ sì tẹ́ẹ́rẹ́. Àwọn òǹwòran kò gbà. Ilé iṣẹ́ náà pe Anika Noni Rose sọ́dọ̀, wọ́n sì tún un yà kí fíìmù tó jáde.

Ọ̀pọ̀lọ́ púpọ̀ jù?

Ẹ̀sùn tó gbilẹ̀ jù ní Amẹ́ríkà nìyí: wọ́n ní wọ́n ṣèlérí ọmọ ọba dúdú, ṣùgbọ́n inú awọ ọ̀pọ̀lọ́ ló wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú fíìmù. Ẹ̀sùn náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ẹni tó ti dúró fún ọdún 72 kí ó tó rí ojú tó jọ tirẹ̀ kò fẹ́ kí ojú náà tún tètè pòórá. Àwọn kan fi kún un pé Naveen, ọmọ ọba tí Tiana fẹ́, kì í ṣe aláwọ̀ dúdú, ìlú Maldonia tí wọ́n ní ó ti wá kò sì sí lórí ilẹ̀ ayé.

Ẹni tó gbọ́ àlọ́ dàgbà kì í sáré sọ pé ẹni tó di ẹranko ti sọnù. Nínú ìtàn ọdẹ tó fẹ́ obìnrin tó ń bọ́ awọ ẹfọ̀n, èyí tí wọ́n máa ń sọ mọ́ Ọya, obìnrin náà ni ẹfọ̀n, ẹfọ̀n náà sì ni obìnrin; agbára rẹ̀ wà nínú awọ tó bọ́ pamọ́. Ní Òṣogbo gan-an, orúkọ oyè ọba, Àtáọ́ja, wọ́n ní ó jáde láti inú Atẹ́wọ́gbẹja, nítorí pé ẹja ni odò Ọ̀ṣun rán sí ọba, ọba sì tẹ́ ọwọ́ gbà á. Níbi tí ẹja ti jẹ́ ìránṣẹ́ odò, ọ̀pọ̀lọ́ tó ń sọ̀rọ̀ kò mú ẹnikẹ́ni ta gìrì. Èyí kò sọ ẹ̀sùn àwọn ará Amẹ́ríkà di asán. Ó kàn ń fi hàn pé ìtàn ni Yorùbá ń bi léèrè ohun tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń bi àwòrán.

Orúkọ ẹranko náà fúnra rẹ̀ gba ìrònú. Ọ̀pọ̀lọ́ tí a ń pè é nínú àpilẹ̀kọ yìí ni orúkọ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀lọ́ lara rẹ̀ máa ń rí kókó, tó sì ń gbé orí ilẹ̀. Èyí tí wọ́n yà, tí ara rẹ̀ ń yọ̀, tó ń tọ pọ́n-ún létí omi, àkèré ló jọ jù, tàbí kọ̀ǹkọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sọ fíìmù náà ní Yorùbá ní láti yan ọ̀kan. Bó bá mú ọ̀pọ̀lọ́, á jèrè nǹkan kan: àwọn àgbà ní ọ̀pọ̀lọ́ ń yan lójú ẹlẹ́gùúsí, ẹlẹ́gùúsí kò gbọdọ̀ fi ọ̀pọ̀lọ́ se ọbẹ̀. Alásè tó di ọ̀pọ̀lọ́, tí àwọn ọdẹ irà ń lé kiri láti fi se oúnjẹ, bá ọ̀rọ̀ yìí mu régí.

Dr. Facilier àti Mama Odie

Ibi tí fíìmù náà ti kan Òṣogbo jù nìyí. Facilier ni ọ̀tá inú ìtàn náà, oníṣẹ́ òògùn tó ń fi káàdì wòye, tí òjìji rẹ̀ ń rìn lọ́tọ̀, tó sì jẹ gbèsè lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀mí tó ń pè ní ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwọn ẹ̀mí náà ń fọhùn láti inú ère ìbòjú tí wọ́n gbẹ́ bíi ti ilẹ̀ Áfíríkà. Voodoo ni wọ́n pe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀sìn tí orúkọ yìí ti wá jẹ́ ti àwọn Fọn àti Ewe ní apá ibi tó di Benin àti Tógò lónìí; ohun tí wọ́n ń pè ní vodun ni àwa ń pè ní òrìṣà. Yorùbá wà lára àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun pẹ̀lú wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òǹwòran fi sọ pé fíìmù náà mú ẹ̀sìn àwọn baba ńlá, ó sọ ọ́ di iṣẹ́ ibi lójú ọmọdé.

Òṣogbo ní ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀ sí i. Igbó Ọ̀ṣun tó tó hẹ́kítà 75 wọ inú àkójọ ohun àjogúnbá àgbáyé ti UNESCO lọ́dún 2005, Arugbá sì ń gbé igbá lọ sétí odò lóṣù kẹjọ ọdọọdún. Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀ tún ojúbọ inú igbó náà ṣe, kú ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009 tí fíìmù yìí jáde. Ní ìlú kan náà yìí, Mùsùlùmí, Kìrìsìtẹ́nì àti oníṣẹ̀ṣe ń gbé nínú agbo ilé kan. Òbí tó jẹ́ oníwàásù lè pa tẹlifíṣọ̀n nígbà tí òjìji bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, torí kò fẹ́ kí ọmọ rí ẹ̀mí òkùnkùn. Oníṣẹ̀ṣe lè pa á fún ìdí tó yàtọ̀ pátápátá: kò fẹ́ kí ọmọ rò pé gbogbo ère gbígbẹ́ ni ẹnu ibi.

Mama Odie ni ìdáhùn tí fíìmù náà ní, ìdáhùn náà sì lágbára ju bí ọ̀pọ̀ alárìíwísí ṣe gbà lọ. Ìyá arúgbó afọ́jú ni, ẹni ọdún 197, tó ń gbé inú ọkọ̀ ojú omi tó há sórí igi láàárín irà, ejò sì ni olùrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kì í fún ènìyàn ní ohun tó ń tọrọ; ohun tó nílò ló ń tọ́ka sí. Ẹni tó mọ ìtàn bí Olútìmẹ́hìn ọdẹ àti Láròóyè ṣe gé igi tó wó sínú odò, tí ohùn kan sì jáde pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, á mọ irú ìyá bẹ́ẹ̀ tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ omi. Ohun tó dun ni pé orúkọ tí wọ́n fún ejò rẹ̀ ni Juju, ọ̀rọ̀ tí àwọn Òyìnbó fi ń bu gbogbo ẹ̀sìn wa kù. Orúkọ kan ṣoṣo yẹn ba ọ̀pọ̀ iṣẹ́ dáradára jẹ́.

Orin

Dr. John, olórin ọmọ New Orleans, ló fi ohùn rẹ̀ kọ orin ìbẹ̀rẹ̀. Terence Blanchard, ọmọ ìlú kan náà, ló fun kàkàkí fún Louis, ọ̀nì tó fẹ́ di olórin. Àwọn kan ní orin Newman kì í lẹ̀ mọ́ni lẹ́nu bí ti àwọn fíìmù Disney ìgbà 1989 sí 1995. Àwọn mìíràn ní orin ìlú ló kọ, jáàsì àti orin ìyìn, kì í ṣe orin fún ọmọ ọba nìkan. Orin méjì nínú rẹ̀ wà lára àwọn tí wọ́n yàn fún àmì ẹ̀yẹ Oscar, kò sì gba ìkankan.

Àlọ́ àpagbè ni Yorùbá ń pe ìtàn tó ní orin àti ègbè, torí náà kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún ọmọ ìdí tí ènìyàn fi ń kọrin láàárín ọ̀rọ̀. Òṣogbo tún ní ju àlọ́ lọ. Níbẹ̀ ni Dúró Ládiípọ̀ ti dá Mbari Mbayo, ibùdó àwọn oníṣẹ́ ọnà, sílẹ̀ lọ́dún 1962, tó sì ti kó eré olórin Ọba Kò So lọ sí Berlin lọ́dún 1964. Nígbà tí Mama Odie bá ń kọrin tí àwọn ẹyẹ sì ń gbè é, etí tó mọ elégbè gbọ́ ohun tó mọ̀.

Owó àti ohun tó tẹ̀lé e

Fíìmù náà pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 270 dọ́là káàkiri ayé, èyí tí ilé iṣẹ́ náà kà sí kékeré. Àwọn kan di ẹ̀bi náà ru ọ̀rọ̀ ọmọ ọba tó wà nínú àkọlé, pé kò jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin wá. Àwọn mìíràn rán wọn létí pé Avatar, fíìmù ńlá tó fa èrò rẹpẹtẹ, jáde ní ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀.

Lọ́dún 2024, Disney ṣí ibi ìgbafẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi kan tó dá lórí Tiana sí Florida, lẹ́yìn náà sí California. Mama Odie wà níbẹ̀, òun ló ń sọ àwọn èrò ọkọ̀ di kékeré bí ọ̀pọ̀lọ́. Facilier kò sí níbẹ̀ rárá. Àwọn olólùfẹ́ fíìmù kan ṣàròyé pé ìtàn kò dùn láìsí ọ̀tá. Àwọn tó ti ń bínú sí ère ìbòjú rẹ̀ láti 2009 kò ṣàròyé.