Ìrìn-Àjò Afẹ́ Orí Òkun fún Ẹni Tí Àyà Rẹ̀ Ń Já: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rẹ́ tàbí ẹlẹgbẹ́ wọn níbi iṣẹ́ ti rọ̀ pé kí àwọn jọ wọ ọkọ̀ afẹ́ láti èbúté Southampton, ṣùgbọ́n tí wọn kò tíì dáhùn nítorí pé ẹ̀rù omi ń bà wọ́n. Àwọn ìbéèrè tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè ni mo kó jọ síbí. Èrò tèmi, tí yóò hàn nínú gbogbo ìdáhùn náà, ni pé kí olójora yan omi àti àsìkò ná, kí ó tó yan ọkọ̀.

Ọkọ̀ wo ni ó dára jù fún ẹni tí kò wọ ọkọ̀ òkun rí?

Ìbéèrè yìí ni gbogbo ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni òun ni ó yẹ kí ó gbẹ̀yìn. Àwọn tí ń polówó ọkọ̀ a máa fi odò ìwẹ̀, gbọ̀ngàn ijó àti ilé oúnjẹ hàn yín, ṣùgbọ́n kò sí olójora tí odò ìwẹ̀ ń dẹ́rù bà. Ohun tí ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ni pé, kí ni mò ń bẹ̀rù gan-an? Ṣé mímì ọkọ̀ àti èébì ni? Ṣé rírì ni? Ṣé àìsàn tí ó lè dé nígbà tí ilé ìwòsàn jìnnà ni, tàbí àwọn aṣọ́bodè tí yóò yẹ ìwé ìrìnnà wò? Ẹni tí ń bẹ̀rù èébì ní láti wo ojú omi tí ọkọ̀ yóò gbà. Ẹni tí ń bẹ̀rù àìsàn ní láti wo bí èbúté kan ṣe sún mọ́ èkejì tó. Ẹni tí kò fẹ́ràn èrò púpọ̀ kò sì ní ohun tí yóò wá nínú ọkọ̀ bí Icon of the Seas, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti Miami ní ọdún 2024, tí ó sì lè gba èrò tí ó ju 7,000 lọ láìka àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ mọ́ ọn.

Ṣé ọkọ̀ náà yóò máa mì?

Yóò mì, kí ẹnikẹ́ni má tàn yín. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń mì yàtọ̀ láti omi sí omi àti láti oṣù sí oṣù. Àwọn ọkọ̀ afẹ́ ìgbà yìí ní apá irin méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lábẹ́ omi, ní ọ̀tún àti ní òsì, tí wọ́n máa ń nà síta bí òkun bá ń ru. Apá wọ̀nyí ń dín yíyí sọ́tùn-ún sósì kù gan-an, ṣùgbọ́n agbára wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ká kí orí ọkọ̀ máa gòkè kí ìdí rẹ̀ sì máa sọ̀kalẹ̀.

Ibi tí ó yẹ kí olójora kọ́kọ́ mọ̀ lórí àwòrán ilẹ̀ ni Bay of Biscay, ìyẹn omi tí ó wà láàárín ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé àti àríwá ilẹ̀ Sípéènì. Ọkọ̀ tí ó bá ti Southampton ń lọ sí Pọtogí, Sípéènì tàbí àwọn erékùṣù Canary kò lè ṣe kí ó má gba ibẹ̀ kọjá, ìjì Àtìláńtíìkì sì máa ń jà níbẹ̀ púpọ̀ ní ìgbà òtútù. Àwọn bàbá wa tí wọ́n wọ ọkọ̀ Aureol ti ilé-iṣẹ́ Elder Dempster, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ná Liverpool sí Èkó ní ọdún 1951, kò ní àyè láti yan oṣù tí ó wù wọ́n, nítorí ẹ̀kọ́ tàbí iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ fún. Ẹ̀yin ní àyè yẹn. Àwọn àgbà sì ní òkun kì í hó ruru kí á wà á ruru. Ẹni tí ó bá sanwó fún Canary ní oṣù Kìíní nítorí pé ó dín lówó ti fi owó ra ohun tí ó ń bẹ̀rù.

Ní ti Nọ́wè, òkun tí ó wà láàárín ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibẹ̀ lè ru, àgàgà ní ìgbà òtútù, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọjọ́ kan sí ọjọ́ kan àbọ̀ ni ọkọ̀ fi ń là á kọjá. Lẹ́yìn náà ni yóò wọ inú àwọn omi tóóró tí ó wọ àárín òkè, bí Geirangerfjord, níbi tí òkè gíga ti dí atẹ́gùn lọ́tùn-ún lósì, tí omi sì máa ń pa rọ́rọ́. Òkun Mẹditaréníà náà máa ń rọ̀ ní àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn wọn, láti oṣù Kẹfà sí oṣù Kẹsàn-án, àǹfààní rẹ̀ sì ni pé òru ni ọkọ̀ sábà máa ń rìn, tí ẹ óò jí ní ìlú mìíràn lọ́pọ̀ àárọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fẹ́ gba Bay of Biscay, ní láti wọ bàálù lọ bá ọkọ̀ ní Barcelona tàbí ní Civitavecchia tí í ṣe èbúté Róòmù. Ní Kàríbíánì, àsìkò ìjì líle bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà, ó sì parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá. Ọkọ̀ kì í wọ inú ìjì bẹ́ẹ̀. Ńṣe ni ọ̀gá ọkọ̀ yóò yí ọ̀nà padà, tí erékùṣù tí ẹ tìtorí rẹ̀ sanwó yóò sì di ohun tí ẹ kò rí. Ní ti Queen Mary 2 tí ó máa ń lo alẹ́ méje láti Southampton dé New York, ẹ fi í sílẹ̀ ná, nítorí kò sí ilẹ̀ kankan láàárín ọ̀nà tí ẹ lè fi ojú rí kí ọkàn yín fi balẹ̀.

Yàrá wo ni kí n mú?

Ẹ mú èyí tí ó wà ní àárín gbùngbùn ọkọ̀, ní àjà ìsàlẹ̀. Bí ọmọdé méjì bá jókòó sí ìpẹ̀kun pátákó tí ń gòkè tí ń sọ̀kalẹ̀, ẹni tí ó dúró ní àárín rẹ̀ kò ní mọ̀ ọ́n lára tó àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọkọ̀ òkun rí. Yàrá òkè pátápátá, tí àwòrán rẹ̀ máa ń wuni, ni ó máa ń mì jù. Yàrá tí kò ní fèrèsé ni owó rẹ̀ kéré jù, àwọn kan sì ń gbádùn òkùnkùn rẹ̀ láti sùn, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè fara da ibi tí a há mọ́ kò gbọdọ̀ dán an wò.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fiyè sí. Owó tí ó dín jù lórí ìwé iye owó sábà máa ń jẹ́ ti yàrá tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ fúnra rẹ̀ yóò yàn fún yín nígbà tí ọjọ́ bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èyí dára fún arìnrìn-àjò tí ara rẹ̀ ti mọ́ ọn. Olójora ní tirẹ̀, kí ó san àlékún, kí ó sì yan nọ́ńbà yàrá rẹ̀ lórí àwòrán ọkọ̀, kí ó wo ohun tí ó wà lókè rẹ̀ pẹ̀lú, torí pé yàrá tí ó wà lábẹ́ gbọ̀ngàn ijó kò ní jẹ́ kí ó sùn, bó ti wù kí òkun rọ̀ tó.

Ṣé oògùn wà fún òòyì òkun?

Ó wà. Ohun tí ń fa òòyì náà ni pé inú etí, níbi tí ara ti ń mọ̀ pé òun dúró déédéé, ń sọ fún ọpọlọ pé a ń lọ sókè sódò, nígbà tí ojú tí ó ń wo ògiri yàrá ń sọ pé a dúró sójú kan. Ìdí nìyí tí jíjáde sí gbangba láti tẹjú mọ́ ibi tí ojú ọ̀run ti pàdé omi fi máa ń ṣèrànwọ́, tí kíkàwé tàbí wíwo fóònù sì máa ń bà á jẹ́ sí i. Oògùn bíi cinnarizine wà ní ilé ìtajà oògùn, ṣùgbọ́n kí ọkọ̀ tó gbéra ni a ń lò ó. Bí èébì bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ti pẹ́. Ó máa ń mú oorun wá, kò sì yẹ kí a lò ó pẹ̀lú ọtí. Ẹni tí ó bá lóyún, tí ó ń lo oògùn mìíràn, tàbí tí ó ní àìsàn ojú, ní láti kọ́kọ́ bi apòògùn. Atalẹ̀ máa ń ran àwọn ẹlòmíràn lọ́wọ́, kò sì ṣòro láti kó dání.

Ṣé kò ní dára kí n kọ́kọ́ fi alẹ́ méjì péré dán an wò?

Ìmọ̀ràn tí a sábà máa ń gbà wá nìyẹn, n kò sì fara mọ́ ọn. Ara máa ń tó ọjọ́ méjì sí mẹ́ta kí ó tó mọ́ mímì ọkọ̀. Ẹni tí ó bá lo alẹ́ méjì ti jẹ gbogbo ìyà ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ti sọ̀kalẹ̀ kí ìgbádùn tó dé, tí yóò wá máa sọ fún gbogbo ẹbí pé ọkọ̀ òkun kò bá òun lára mu. Pẹ̀lúpẹ̀lù, àwọn tí ń wá àríyá ni wọ́n sábà máa ń kún irú ìrìn-àjò kúkúrú bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ èmi ni a ní kí n yàn fún ẹni tí ó ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí kò fẹ́ wọ bàálù, n óò ní kí ó lọ sí Nọ́wè fún alẹ́ méje láti Southampton, ní oṣù Kẹfà tàbí Keje, nínú yàrá tí ó ní fèrèsé ní àárín ọkọ̀.

Bí ọkọ̀ bá wá rì ńkọ́?

Ọkọ̀ Titanic, tí ó gbéra ní Southampton ní oṣù Kẹrin ọdún 1912, kò ní ọkọ̀ ìgbàlà tí ó ju ti nǹkan bí ìdajì àwọn tí ó kó lọ, àwọn tí ó kú sì tó nǹkan bí 1,500. Láti ọdún 1914 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ sí òfin ààbò ẹ̀mí lórí òkun, tí a ń pè ní SOLAS, èyí tí ó sọ ọ́ di dandan pé kí àyè ìgbàlà wà fún gbogbo ẹni tí ó bá wà nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kìíní ọdún 2012, ọkọ̀ Costa Concordia sún mọ́ erékùṣù Giglio ní Ítálì ju bí ó ti yẹ lọ, àpáta la ìdí rẹ̀, ènìyàn 32 sì kú nínú àwọn tí ó lé ní 4,000. Ilé ẹjọ́ rán ọ̀gá ọkọ̀ náà lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 16. Lára àwọn tí wọ́n wọ ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn ni ẹni tí a kò tíì kọ́ ní ohun tí yóò ṣe bí ewu bá dé. Nísinsìnyí, kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bí ó bá ti ń gbéra ni a gbọ́dọ̀ kọ́ gbogbo èrò. Fèrè kúkúrú méje àti gígùn kan ni àmì ewu. Ẹ lọ sí ibi tí a bá yàn fún yín, kí ẹ sì mọ ọ̀nà ibẹ̀ láti yàrá yín, torí pé fún olójora, ìmọ̀ yẹn a máa mú ọkàn balẹ̀ ju ọ̀rọ̀ ìtùnú lọ.

Àìsàn ńkọ́?

Dókítà àti nọ́ọ̀sì wà nínú ọkọ̀ ńlá, ṣùgbọ́n owó ni a fi ń rí wọn, kì í ṣe owó kékeré. Bí ọ̀rọ̀ bá le tí hẹlikópítà ní láti gbé ènìyàn, owó rẹ̀ lè ju ti gbogbo ìrìn-àjò náà lọ fíìfíì, nítorí náà ẹ ra ìwé adójútòfò tí ó dárúkọ ìrìn-àjò orí òkun nínú rẹ̀, kí ẹ sì sọ gbogbo àìsàn tí ẹ ti ní fún wọn. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ti ìtọ̀ ṣúgà gbọ́dọ̀ wà nínú báàgì ọwọ́, nítorí pé àwọn òṣìṣẹ́ ni yóò gba àpótí ní èbúté, ó sì lè di alẹ́ kí ó tó dé yàrá. Aláboyún tí oyún rẹ̀ bá ti ń lọ sí ọ̀sẹ̀ 24 kò ní rí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tí yóò gbà á.

Gbogbo wa rántí ọkọ̀ Diamond Princess, tí a sé mọ́ èbúté Yokohama ní Japan ní oṣù Kejì ọdún 2020, tí àrùn kòrónà mú ènìyàn tí ó ju 700 lọ nínú rẹ̀. Èyí tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ jù ni norovirus, tí ń fa ìgbẹ́ gbuuru àti èébì. Ọṣẹ àti omi ni a fi ń lé e. Oje ìpawọ́ (hand sanitiser) tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ pa á.

Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni mo ní. Ṣé mo lè lọ?

Ẹ lè lọ, ṣùgbọ́n níbí ni mo ti fẹ́ kí ẹ ní sùúrù jù, torí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó rò pé bí àwọn kò bá ti ní í sọ̀kalẹ̀, àwọn kò nílò físà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ bá ní dandan ni físà orílẹ̀-èdè kan, wọn kò ní jẹ́ kí ẹ wọkọ̀ ní Southampton láìsí i, owó yín kò sì ní padà. Nọ́wè wà nínú àjọ Schengen, ìyẹn àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tí wọ́n jọ ń lo físà kan náà, nítorí náà físà Schengen ni ẹni tí ó ń lo pásípọ́ọ̀tù wa yóò gbà, bí ó tilẹ̀ ní àṣẹ àtimáa gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ọkọ̀ yóò bá jáde kúrò ní Schengen kí ó tó padà wọ̀ ọ́, bí èyí tí ó bá ti Ítálì lọ sí Kotor ní Montenegro kí ó tó dé Gíríìsì, físà tí a lè fi wọlé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ni ó yẹ, kí ẹ sì béèrè ohun tí Montenegro fúnra rẹ̀ ń béèrè. Bákan náà, ẹ rí i dájú pé ẹ̀rí àṣẹ yín láti padà wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lọ́wọ́, pé pásípọ́ọ̀tù yín sì kù ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀, kí ẹ sì tún wo ohun tí iléeṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ, kí ẹ tó san owó tí kò ní padà. Ọjọ́ ìpàdé fún físà máa ń ṣọ̀wọ́n bí ẹ̀ẹ̀rùn wọn bá ti sún mọ́lé.

Owó wo ni ó tún wà yàtọ̀ sí owó ọkọ̀?

Owó ẹ̀bùn fún àwọn òṣìṣẹ́ (tip) tí a máa ń kà mọ́ owó yín lójoojúmọ́ nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ọtí àti mínírà, íntánẹ́ẹ̀tì, àti ìrìn-àjò lórí ilẹ̀. Ẹ yí fóònù sí ipò bàálù kí ọkọ̀ tó gbéra, nítorí nẹ́tíwọ́ọ̀kì orí òkun wọ́n gan-an. Oúnjẹ pọ̀, owó rẹ̀ sì wà nínú tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ẹ má retí ata.

Bí ọkọ̀ bá fi mí sílẹ̀ ní ìlú onílùú ńkọ́?

Ó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí ó dá lọ kiri. Bí ẹ bá bá àwọn tí ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ṣètò jáde, ọkọ̀ yóò dúró dè yín bí mọ́tò bá pẹ́, tàbí kí wọ́n ṣètò bí ẹ óò ṣe bá a. Nítorí náà ẹ san owó tiwọn ní èbúté méjì àkọ́kọ́, bí ó tilẹ̀ wọ́n jù. Ẹ tún wò ó bóyá ọkọ̀ yóò kan ilẹ̀ ní èbúté, tàbí yóò dúró lójú omi kí ọkọ̀ kékeré máa kó èrò lọ sí etí òkun, bí wọ́n ti ń ṣe ní Santorini. Ẹni tí ẹ̀rù omi ń bà lè má fẹ́ bọ́ sínú ọkọ̀ kékeré yẹn; kò sì sí ohun tí ó burú bí ó bá jókòó sínú ọkọ̀ ńlá títí di ìrọ̀lẹ́.

Bí mo bá ti wọkọ̀ tí ara mi kò sì gbà á mọ́, ṣé mo lè sọ̀kalẹ̀?

Ní èbúté, bẹ́ẹ̀ ni, bí ìwé yín bá jẹ́ kí ẹ wọ orílẹ̀-èdè náà. Ẹ sọ fún àwọn tí ó wà ní tábìlì ìgbàlejò, tí wọn kì í tì lóru nínú ọkọ̀ ńlá, kí wọ́n lè tún ìwé ṣe pẹ̀lú àwọn aṣọ́bodè. Owó tí ẹ ti san kò ní padà, ẹ̀yin ni ẹ óò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tí yóò gbé yín padà sílé.